Ìyá wa láti Ìlẹ́sà béèrè: kí ló dé tí wọn ò sin egungun wọ̀nyẹn?

Ìyá wa kan kọ̀wé sí mi láti Ìlẹ́sà. Mo gé lẹ́tà náà kúrú díẹ̀, mo sì yọ orúkọ kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ọmọ mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Kigali, ní Rùwáńdà, ní kí n wá kí òun. Ó mú mi lọ sí ibi tí wọ́n fi ń ṣèrántí àwọn tí wọ́n pa lọ́dún 1994. Mo rí agbárí èèyàn nínú gíláàsì, mo rí aṣọ òkú lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ní tiwa, ṣe là ń sin òkú, a kì í pàtẹ rẹ̀. Kí ló dé tí ìjọba fi gbà bẹ́ẹ̀? Ọmọ mi tún ní ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣètò irú ibẹ̀. Ṣé kì í ṣe ère ni wọ́n á gbẹ́, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, kó tán? Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí kí n tó lọ́kọ sí Ìlẹ́sà. Nígbà ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, ẹ̀gbọ́n mi jáde nílé, a ò rí i mọ́ títí dòní. Àwa ọmọ ẹgbẹ́ kan ti ń dá owó jọ láti kọ́ nǹkan ìrántí. Ẹnìkan nínú wa ní kí a pè é ní ìrántí ìpẹ̀yàrun, bíi ti Rùwáńdà. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ ṣeun, Mà. Ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìrọ́jú ti ẹ̀gbọ́n yín. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ kó sínú lẹ́tà kan, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá: ẹ rò pé ilé tàbí ère ni iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ni mò ń ṣe níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì ti bá àwọn tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣiṣẹ́ pọ̀ dáadáa, torí náà ẹ lè máa retí pé n óò sọ pé ilé ló ṣe kókó. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ló kẹ́yìn. Orúkọ àwọn òkú, ibi tí egungun wọn wà, ẹni tó ni ilẹ̀, àti gbólóhùn tí a óò kọ sára ògiri, àwọn wọ̀nyí gan-an ni iṣẹ́. Bí wọn kò bá tíì yanjú tí bírìkìlà sì ti gbé sìmẹ́ńtì dé, ilé ìjà ló fẹ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun, torí òun ló dùn yín jù. Ìpànìyàn Rùwáńdà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1994, ó sì tó nǹkan bí 100 ọjọ́ kó tó dáwọ́ dúró. Àwọn kan ṣírò àwọn tó kú sí nǹkan bí 800,000. Ìjọba Rùwáńdà ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan. Àwọn Tutsi ló pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú àwọn Hutu tó kọ̀ láti lọ́wọ́ sí i. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ká wọn mọ́. Torí náà, ibi tí ẹ ti rí aṣọ lórí bẹ́ǹṣì, tí mo gbà pé Nyamata ni, ẹnikẹ́ni kò yàwòrán rẹ̀ fún ìrántí. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ni. Nǹkan bí 10,000 èèyàn ni wọ́n máa ń sọ pé wọ́n pa nínú rẹ̀ àti láyìíká rẹ̀. Bí ẹ bá gbójú sókè níbẹ̀, ẹ ó ti rí i pé páànù òrùlé lu káàkiri, tí oòrùn ń gba ojú ihò wẹẹrẹ wọlé bí ìràwọ̀. Ọta ìbọn àti bọ́ǹbù ọwọ́ ló lu ú. Wọn ò gbá ibẹ̀ mọ́ kí ìsìn tún máa lọ níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Bí ìrántí ṣe bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn, láìsí ìgbìmọ̀, láìsí pùláànù.

Ti Gisozi, èyí tó wà nínú ìlú Kigali gan-an, yàtọ̀. Wọ́n ṣètò ìyẹn. Ìlú Kigali ló fi ilẹ̀ sílẹ̀, àjọ kan tó ń jẹ́ Aegis Trust láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì bá wọn ṣe ilé ìṣàfihàn rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2004 ni wọ́n ṣí i, nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá géérégé, ṣùgbọ́n òkú ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀ kí àlejò tó dé. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ń kó wọn wá láti ibi gbogbo tí wọ́n ju wọ́n sí káàkiri ìlú, tí wọ́n sì ń sin wọ́n. Àwọn tó sùn sábẹ́ kọnkéré fífẹ̀ tí ẹ rí níta, níbi tí àwọn èèyàn ń fi òdòdó sí, lé ní 250,000. Ẹ wò ó, Mà, wọ́n sin wọ́n. Àwọn tó wà nínú gíláàsì kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà nínú ilẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi yọ díẹ̀ sílẹ̀ ni pé apànìyàn kì í dákẹ́ lẹ́yìn tó bá pànìyàn tán. Á ní irọ́ ni, á ní ogun lásán ni, á ní iye tí wọ́n ń pè yẹn ti pọ̀ jù. Ní Murambi, ní ìhà gúúsù Rùwáńdà, ilé ìwé iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọn kò tíì kọ́ parí ni wọ́n darí àwọn èèyàn sí pé ààbò wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n pa síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá hú kòtò lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìyẹ̀fun òkúta láìmù funfun tọ́jú ọ̀pọ̀ nínú òkú náà kí wọ́n má baà jẹrà tán, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí pákó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́. Àwọn kan nínú àwọn tó yè bọ́ fara mọ́ ọn, wọ́n ní bí a bá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọ ọ̀la á ní ìtàn ni. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n jẹ́ kí èèyàn àwọn sinmi. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àríyànjiyàn náà ò tíì tán láàárín wọn.

Kì í sì í ṣe Rùwáńdà nìkan. Ní Cambodia, níbi tí ìjọba Khmer Rouge ti fa ikú nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 èèyàn láàárín ọdún 1975 sí 1979, wọ́n kọ́ ilé gogoro olójú gíláàsì kan sí Choeung Ek lọ́dún 1988, agbárí tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní 5,000. Ọba Norodom Sihanouk ní kí wọ́n sun egungun náà bí ẹ̀sìn Búdà ṣe là á sílẹ̀, kí ọkàn wọn lè ráyè lọ. Ìjọba kò gbà. Nínú ìlú Phnom Penh, ní Tuol Sleng, ilé ìwé tí wọ́n sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n tilẹ̀ fi agbárí ṣe máàpù orílẹ̀-èdè náà sára ògiri. Ọdún 2002 ni wọ́n tó tú u palẹ̀. Èmi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n gbé e kọ́ rárá. Ẹni tó to agbárí èèyàn di máàpù ti gbàgbé pé orí ẹnìkan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá fi dandan ní kí n sọ ibi tí mo dúró sí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ní kí a sin ín ni mo wà. Ṣùgbọ́n òkú kì í ṣe tèmi, ọ̀rọ̀ náà ò sì sí lọ́wọ́ ayàwòrán ilé. Àwọn tó lòkú ló ń pinnu. Bí ayàwòrán ilé bá fúnra rẹ̀ dá a lábàá pé kí a pàtẹ egungun kí ẹ̀rù lè ba àlejò, ẹ lé e jáde kúrò nínú ìpàdé.

Àwa náà mọ ohun tí egungun jẹ́. Láyé àtijọ́, bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò lè gbé e wálé, irun àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú bọ̀, kí a lè rí nǹkan sin. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ ní Srebrenica nílẹ̀ Bosnia, níbi tí wọ́n ti pa ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó lé ní 8,000 ní oṣù keje ọdún 1995. Àwọn tó pa wọ́n tún padà lọ fi katapílà hú kòtò náà, wọ́n sì kó òkú lọ sí ibòmíràn kí àṣírí má baà tú. Egungun ẹnìkan ṣoṣo wá wà ní kòtò méjì, mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti àbúrò àwọn tó kú ni wọ́n ń gbà, tí wọ́n á fi DNA rẹ̀ wé ti egungun tí wọ́n rí, títí wọ́n á fi mọ ẹni tó ni ín. Lọ́jọ́ 11 oṣù keje lọ́dọọdún ni wọ́n ń sin àwọn tí wọ́n ti mọ̀ sí itẹ́ òkú Potočari, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2003. Àwọn tí wọ́n ti sin síbẹ̀ báyìí lé ní 6,000. Ìyá mìíràn wà tí wọ́n bá egungun ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ nìkan. Á ní kí wọ́n dúró ná bóyá wọ́n á rí ìyókù. Ẹ wo iṣẹ́ tí ìyẹn já lé ẹni tó ya pùláànù: ó gbọ́dọ̀ fi àyè sílẹ̀ fún òkú tí a kò tíì rí, kò sì mọ iye wọn. Ibi ìrántí tí wọ́n kọ́ parí pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i ń parọ́ nípa ọ̀ràn náà.

Ní ti ìbéèrè yín kejì, kì í ṣe ìkọ́lé ló ń jẹ ọdún. Ìpàdé ló ń jẹ ẹ́. Àpẹẹrẹ tó tóbi jù ni ti Berlin, ti àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa. Ọdún 1988 ni àwọn aráàlú kan, tí akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Lea Rosh ṣíwájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ó yẹ kí irú ibẹ̀ wà. Wọ́n ṣe ìdíje lọ́dún 1994. Àwòrán tó wọlé lé ní 500. Èyí tó gbégbá orókè, pèpéle ńlá kan tí wọn ì bá kọ orúkọ sí lára, Helmut Kohl tó jẹ́ olórí ìjọba kò gbà á. Wọ́n tún ṣe ìdíje mìíràn. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1999 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó dìbò lé e pé kí wọ́n kọ́ èyí tí Peter Eisenman yà. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, wọ́n sì ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2005. Ọdún mẹ́tàdínlógún, Mà, nínú èyí tí ìkọ́lé gangan ò ju bí ọdún méjì lọ.

Kí ni wọ́n ń jà sí fún gbogbo ọdún yẹn? Wọ́n ń jà pé ta ni ibẹ̀ wà fún. Bí ó bá jẹ́ ti Júù nìkan, àwọn Roma àti Sinti ńkọ́, ẹ̀yà mìíràn tí ìjọba kan náà pa? Ìdáhùn tí wọ́n fún àwọn yẹn ni pé ibi tiyín náà ń bọ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2012 ló tó dé, nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tí ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó tó ń retí rẹ̀ sì ti lọ. Wọ́n tún jà pé ṣé kí ibẹ̀ sọ̀rọ̀ àbí kó dákẹ́. Ohun tí Eisenman fẹ́ ni òkúta kọnkéré 2,711 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 19,000 mítà onígun mẹ́rin, láìsí orúkọ, láìsí lẹ́tà kan lára wọn. Ẹ bá a wọlé, ilẹ̀ ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, òkúta ń ga sókè títí ó fi bo orí, ẹ ò rí ẹni tẹ́ ẹ jọ wọlé mọ́. Ó lágbára. Ṣùgbọ́n àwọn olóṣèlú ní ọmọdé tó bá wọ ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i lè rò pé ibi ìṣeré ni, wọ́n sì fi dandan ní kí ilé àlàyé wà lábẹ́ ilẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oníṣẹ́ ọwọ́ bíi tèmi ni Eisenman. Nínú yàrá kan nísàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka orúkọ àti ìtàn kúkúrú àwọn tó kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí wọ́n bá fẹ́ ka gbogbo wọn tán báyẹn, ó máa gba ọdún 6, oṣù 7 àti ọjọ́ 27.

Nínú ìtàn Berlin yìí, ibì kan wà tí mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún 2003, wọ́n ti gbé ọ̀pọ̀ òkúta dúró, wọ́n sì ń fi oògùn kan kùn ún kí àwọn ọmọ ìta má baà kọ ìkọkúkọ sí i lára. Ìgbà yẹn ni ariwo ta pé Degussa, iléeṣẹ́ tó ń ta oògùn náà, lọ́wọ́ nínú iléeṣẹ́ tó ń ta Zyklon B nígbà ogun, gáàsì olóró tí wọ́n fi pa àwọn Júù. Iṣẹ́ dúró. Àwọn kan ní kí wọ́n fọ́ gbogbo èyí tí wọ́n ti kùn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìgbìmọ̀ pinnu pé kí iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, nítorí bí wọ́n bá fẹ́ yọ gbogbo iléeṣẹ́ Jámánì tó lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, wọn ò ní rí ẹni bá wọn kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ ta la ti ra ọ̀dà, ta la ti ra irin, ta ló gba kọ́ńtíráàtì, tí kì í já mọ́ nǹkan bí a bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó lè dá ibi ìrántí dúró.

Gbólóhùn kan péré náà tó láti ba nǹkan jẹ́. Ní Ottawa, olú-ìlú Kánádà, wọ́n ṣí ibi ìrántí orílẹ̀-èdè wọn fún àwọn tó kú lábẹ́ Hitler ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017. Kò pẹ́ tí ẹnìkan kíyè sí i pé àkọlé tí wọ́n fi irin ṣe sẹ́nu ọ̀nà dárúkọ mílíọ̀nù àwọn tó kú láìdárúkọ Júù rárá. Wọ́n yọ ọ́ kúrò ní wàrà-ǹ-ṣeṣà. Ní London, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló dí tiwọn lọ́wọ́: wọ́n ti yan ayàwòrán lọ́dún 2017, àṣé òfin kan ti wà láti ọdún 1900 pé ọgbà ìtura ni ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ máa jẹ́. Ilé ẹjọ́ fagi lé àṣẹ ìkọ́lé wọn lọ́dún 2022. Bẹ́ẹ̀ àwa rò pé Ifẹ̀ àti Ìlẹ́sà nìkan ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti ń dá iṣẹ́ dúró.

Ṣùgbọ́n orúkọ ló le jù. Ọdún 1953 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ísírẹ́lì ṣòfin tó dá Yad Vashem, ibi ìrántí àwọn Júù tí ìjọba Hitler pa, sílẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún mọ̀lẹ́bí ní fọ́ọ̀mù kan láti kọ orúkọ ẹni wọn, ìlú rẹ̀, òbí rẹ̀, àti ibi tó kú sí. Ó lé ní 70 ọdún báyìí. Wọ́n ti rí orúkọ tó tó nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún, nínú mílíọ̀nù mẹ́fà. Ní Kigali, ògiri orúkọ wà, àyè tó ṣófo sì pọ̀ lára rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n pa ilé mìíràn tán pátá, baba, ìyá, ọmọ, aládùúgbò, débi pé kò ku ẹni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n. Bí ẹ bá wọ yàrá àwọn ọmọdé níbẹ̀, ẹ ó ti rí i pé fọ́tò ńlá ọmọ kọ̀ọ̀kan wà, àkọlé kékeré sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀: orúkọ rẹ̀, oúnjẹ tó fẹ́ràn, eré tó máa ń ṣe, bí wọ́n ṣe pa á. Kò sí egungun kankan nínú yàrá yẹn. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ibi ìrántí, òun ni mo rò pé ó ṣiṣẹ́ jù. Oríkì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé oríkì ni wọ́n ń kọ. Oúnjẹ tí ọmọ fẹ́ràn, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ jókòó ti ìyá náà kó tó rí i kọ. Kò sí bírìkìlà tó lè ṣe ìyẹn.

Ẹ dárúkọ ère. Ère Mọ́remí wà níbí ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Ọọ̀ni Ògúnwùsì ṣí lọ́dún 2016, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 42, àwọn àlejò sì fẹ́ràn láti ya fọ́tò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ère yẹn ni kò jẹ́ kí a gbàgbé Mọ́remí. Ọdún Ẹdì ni. Ọjọ́ tí èèyàn ń jáde, orin tí wọ́n ń kọ, iṣẹ́ tí ìdílé kan mọ̀ pé tàwọn ni, ó ti pẹ́ gan-an kí ère tó dé. Àwọn ará Ámẹ́níà mọ èyí. Ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1965, nígbà tí ó pé 50 ọdún tí àwọn Ọtomani, ìjọba Tọ́kì àtijọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, ogunlọ́gọ̀ jáde sí ìgboro Yerevan láìbẹ̀rù ìjọba Sófíẹ́tì, ìjọba sì gbà kí wọ́n kọ́ ibi ìrántí. Ọdún 1967 ló parí lórí òkè Tsitsernakaberd: ọ̀pá òkúta tó ga ní mítà 44, òkúta ńláńlá 12 tó tẹ̀ ba yí iná kan tí kì í kú ká. Ní gbogbo ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, ogunlọ́gọ̀ ń gun òkè náà láti fi òdòdó sẹ́bàá iná. Ọjọ́ yẹn ló bí ilé yẹn. Ayàwòrán tó mọṣẹ́ á béèrè ọjọ́ náà kí ó tó fa ìlà: èèyàn mélòó ló ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ibo ni arúgbó á jókòó sí, ṣé òjò máa ń rọ̀ nígbà yẹn, ibo ni ilé ìyàgbẹ́ wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ibi tí wọ́n náwó rẹpẹtẹ sí ère tí kò sí ṣálángá kan ní gbogbo àyíká rẹ̀.

Ti ìtọ́jú, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn òkúta Berlin tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ Jámánì ti ń sán láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n sì ní láti fi irin gba àwọn kan nínú wọn mú. Aṣọ, ní ilẹ̀ olóoru, kì í pẹ́: eruku, kòkòrò àti ọ̀rinrin á jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ òkú kò ṣeé fọ̀, torí ohun tó wà lára rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rí. Ní ti Ifẹ̀ níbí, òjò tiwa ń sọ ògiri funfun di dúdú láàárín ọdún mélòó kan, irin inú kọnkéré tí wọn kò bò dáadáa sì ń dípẹtà sójú ògiri bí omijé pupa. Owó tí a kò bá yà sọ́tọ̀ fún ìyẹn kí a tó bẹ̀rẹ̀, a kì í rí i mọ́.

Ó wá ku ìbéèrè yín tó wúwo jù, ti ilé wa níbí, bóyá kí ẹ pe ìrántí yín ní ti ìpẹ̀yàrun. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àdéhùn àgbáyé tí àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́jọ́ 9 oṣù kejìlá ọdún 1948 sọ pé ìpẹ̀yàrun ni kí ẹnìkan pinnu láti pa ẹ̀yà, ìran tàbí ẹlẹ́sìn kan run, lápá kan tàbí pátápátá. Ìpinnu yẹn ni òfin ń wá, kì í ṣe iye òkú nìkan. Ti Rùwáńdà, ilé ẹjọ́ àgbáyé kan jókòó lé e ní Arusha, wọ́n sì dá ẹ̀bi ìpẹ̀yàrun fún ẹni àkọ́kọ́ lọ́jọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998. Ti Srebrenica náà, ilé ẹjọ́ dájọ́ lé e lọ́dún 2001 àti 2007. Ibi ìrántí wọn dúró lórí ẹ̀rí tí wọ́n ti gbé yẹ̀ wò. Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀ ní Umuahia, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1985. Ó dára pé ó wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun, ọkọ̀ òfuurufú àti ìbọn ló gba ibẹ̀ kan. Orúkọ àwọn tí ebi àti ọta pa kò rí àyè bẹ́ẹ̀. Bí Nàìjíríà bá fẹ́ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, orúkọ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, èyí tó ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá, tó tún bẹ́ lọ́dún 1981 àti láàárín ọdún 1997 sí 2000, èmi ò ní bá yín pè é ní ìpẹ̀yàrun, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Amòfin kọ́ ni mí, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí ni pé àwọn tó jọ ń ná ọjà kan náà, tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, dojú ìjà kọ ara wọn. Tọ̀tún-tòsì ló pànìyàn, tọ̀tún-tòsì ló sì sìnkú. Bí ẹgbẹ́ yín bá gbé òkúta kalẹ̀ sí Ifẹ̀ tí ó sọ pé ẹ̀yà kan fẹ́ pa ìkejì run, ẹgbẹ́ mìíràn á gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sí Mọdákẹ́kẹ́ kí oṣù tó yí, tí àkọlé rẹ̀ á sọ òdìkejì. Ikú ẹ̀gbọ́n yín kò nílò orúkọ ńlá yẹn kó tó jẹ́ ọ̀fọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ á sọ pé ká kúkú má ṣe nǹkan kan, ká má hú ọ̀rọ̀ tó ti rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àlàáfíà tí a ní yìí kò dé lọ́fẹ̀ẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn ṣá. Ẹni tí kò padà wálé láti nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn tó mọ̀ ọ́n ti ń dàgbà, àwọn kan ti ń lọ, bí wọ́n bá sì lọ tán, àyè tó ṣófo lára ògiri Kigali yẹn náà ni tiwa máa dà. Ẹ tún lè fi owó yín gbẹ́ kànga sí ibi tí ìlú méjèèjì ti ń pàdé, ìyẹn náà kò burú, àmọ́ ẹ má kọ orúkọ kankan sí i títí orúkọ ìhà méjèèjì yóò fi pé. Ẹ má tíì ra ilẹ̀. Ẹ má tíì pe ayàwòrán ilé, àní èmi gan-an.

Ẹ wá obìnrin kan ní Mọdákẹ́kẹ́ tí tirẹ̀ náà kò padà wálé. Mo ní obìnrin nítorí ó máa ń yá wọn lára láti jókòó ti ara wọn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ju ọkùnrin lọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ojú ewé kan fún ẹnìkan: orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, agbo ilé rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ọjọ́ tí wọ́n rí i kẹ́yìn àti ẹni tó rí i, orúkọ ẹni tó ń sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Kí ẹ má kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fura sí pé ó pa á. Ìyẹn ní ibi tí wọ́n ń gbé e lọ, kì í ṣe inú ìwé yìí. Kí ẹ fi bírò kọ ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsùlù. Bí ó bá ti tó bí ìlàjì ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ bá àwọn tó wà ní ilé ìkàwé Hezekiah Oluwasanmi ní Yunifásítì Ifẹ̀ sọ ọ́ bóyá wọ́n á bá yín tọ́jú ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ẹ kọ̀wé sí mi, ká wá jọ sọ̀rọ̀ òkúta.